Ìbéèrè àti Ìdáhùn: Nígbà tí Ìṣírò Nǹkan Oṣù Kò Bá Bára Mu

Àwọn ìbéèrè wọ̀nyí wá láti ẹnu àwọn obìnrin tí mo ń bá pàdé nínú iṣẹ́ agbẹ̀bí ní Ìlọrin àti ní ìhà gúúsù Kwara. Mo yọ orúkọ wọn kúrò, mo sì fi ìṣòro wọn sílẹ̀ bí wọ́n ṣe sọ ọ́. Púpọ̀ nínú wọn ni ẹ̀rù ti bà kí wọ́n tó wá, bẹ́ẹ̀ sì ni ìṣírò ni ó ṣì wọ́n lọ́nà, ara wọn le koko.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, mà. Àjàṣẹ́-Ìpo ni mo ń gbé, ọmọ ọdún 29 ni mí. Ní ọdún 2025, mo rí nǹkan oṣù mi ní ọjọ́ 5 oṣù kìíní, ní ọjọ́ 2 oṣù kejì, ní ọjọ́ 2 oṣù kẹta, mo sì tún rí i ní ọjọ́ 30 oṣù kẹta kan náà. Ìyá ọkọ mi ní kí n lọ wá àgbo mu, nítorí pé obìnrin kì í rí i lẹ́ẹ̀mejì nínú oṣù kan. Ṣé àìsàn ni?

Ìdáhùn: Kì í ṣe àìsàn, ẹ kò sì nílò àgbo kankan. Ẹ mú kàlẹ́ńdà tí ẹ fi kọ́ ògiri sílẹ̀, kí ẹ fi bírò pupa yí ọjọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí ẹ dárúkọ po. Ẹ ó rí i pé ọjọ́ Àìkú ni gbogbo wọn bọ́ sí, nítorí pé ọjọ́ 28, èyí tí í ṣe ọ̀sẹ̀ mẹ́rin géérégé, ni ó wà láàárín ọ̀kọ̀ọ̀kan àti èkejì. Ara yín kò yẹsẹ̀ ní ọjọ́ kan péré. Orúkọ tí a fún un ni ó ń tàn wá: a pè é ní nǹkan oṣù, a wá rò pé dandan ni kí ó bá oṣù inú kàlẹ́ńdà rìn, nígbà tí ó jẹ́ pé oṣù kẹta ní ọjọ́ 31, tí ohun tí ó ń padà wá lẹ́yìn ọjọ́ 28 sì lè bá a ní ìbẹ̀rẹ̀ kí ó tún bá a ní ìparí. Mo bẹ̀ yín, ẹ fi kàlẹ́ńdà náà han màmá wa pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ìfẹ́ ni wọ́n fi sọ̀rọ̀.

Àyípo ni a ń pe iye ọjọ́ láti ìgbà tí nǹkan oṣù kan bá bẹ̀rẹ̀ títí èyí tí ó tẹ̀lé e yóò fi bẹ̀rẹ̀. Fún àgbàlagbà obìnrin, àyípo tí ó wà láàárín ọjọ́ 21 sí 35 dára, ẹ̀jẹ̀ sì máa ń wá fún ọjọ́ 2 sí 7. Kò pọn dandan kí iye ọjọ́ náà dọ́gba ní gbogbo ìgbà. Tí ó bá jẹ́ 27 lónìí, tí ó di 30 nígbà mìíràn, ẹ má fòyà.

Ìbéèrè: Èmi ka ọjọ́ 29, nọ́ọ̀sì ka 28, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin sì ka 23, lórí nǹkan oṣù kan náà. Ta ni ó tọ̀nà nínú wa?

Ìdáhùn: Nọ́ọ̀sì ni, ṣùgbọ́n mo mọ ibi tí 29 yín ti wá. Ọmọ tí a bí ní ọjọ́ Ajé, ọjọ́ Ajé tí ó tẹ̀lé e ni a ń sọ ọ́ lórúkọ, a sì ń pè é ní ọjọ́ kẹjọ, nítorí pé a ka ọjọ́ tí a bí i mọ́ ọn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọjà ọrọọrún ṣe ń padà ná lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin. Bí a ṣe ń ka ọjọ́ nílé nìyẹn, kò sì ní àbùkù, àmọ́ ní ti nǹkan oṣù, yóò fi ọjọ́ kan lé e. Ọjọ́ tí ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni ọjọ́ kìíní. Ọjọ́ tí ó ṣáájú èyí tí ẹ̀jẹ̀ mìíràn yóò bẹ̀rẹ̀ ni ọjọ́ ìkẹyìn. Ọjọ́ tí ẹ̀jẹ̀ tuntun dé ti di ọjọ́ kìíní àyípo mìíràn, ẹ má kà á lẹ́ẹ̀mejì.

Ní ti ẹ̀gbọ́n yín, ọjọ́ tí ẹ̀jẹ̀ dá ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Àṣìṣe yìí ni mo rí jù, òun ni ó sì burú jù, torí pé ó lè sọ ẹni tí ara rẹ̀ dá di aláìsàn lórí ìwé. Ẹ̀jẹ̀ kíún tí ó kàn ta sí aṣọ kì í ṣe ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ dúró di ọjọ́ tí ó bá dà débi tí ẹ fi nílò pádì.

Ìbéèrè: Tánkẹ̀ ni mo ń gbé, ọmọ ọdún 31 ni mí. Fóònù mi ní ọjọ́ 14 ni mo lè lóyún, oṣù 8 sì ni èmi àti ọkọ mi ti ń tẹ̀lé e láìsí èso. Àyípo mi máa ń jẹ́ 31 sí 34.

Ìdáhùn: Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ìdúró yẹn kì í rọrùn. Ọjọ́ 14 bá obìnrin tí àyípo rẹ̀ jẹ́ 28 mu. Ohun tí kì í sáábà yí padà púpọ̀ ni iye ọjọ́ tí ó wà láti ìgbà tí ẹyin bá jáde títí di ìgbà tí nǹkan oṣù tí ó tẹ̀lé e yóò dé, ó sì máa ń sún mọ́ ọjọ́ 14. Nítorí náà ẹ̀yìn ni kí ẹ ti kà á wá: tí àyípo yín bá jẹ́ 33, ó ṣeé ṣe kí ẹyin jáde ní nǹkan bí ọjọ́ 19. Ẹyin kì í lò ju ọjọ́ kan lọ, ṣùgbọ́n àtọ̀ lè wà láàyè nínú ara obìnrin fún ọjọ́ 5. Ọjọ́ bíi mélòó kan ṣáájú ìjáde ẹyin àti ọjọ́ ìjáde rẹ̀ gan-an ni ó ṣe pàtàkì.

Ara fúnra rẹ̀ tún ń sọ̀rọ̀. Ẹ fi àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá mú omi tí ó ń ti ojú ara wá, kí ẹ ya ìka méjèèjì síra díẹ̀díẹ̀. Tí ó bá nípọn bí ògì tí ó sì já, kò tíì tó àkókò. Tí ó bá mọ́ gaara, tí ó ń yọ̀, tí ó sì nà láàárín ìka yín bí funfun ẹyin adìẹ tútù, àkókò ti dé. Èmi fọkàn tán àmì yìí ju fóònù lọ. Ooru ara náà máa ń lọ sókè díẹ̀ lẹ́yìn tí ẹyin bá ti jáde, ṣùgbọ́n ìgbà tí ó bá fi hàn, àkókò ti ń kọjá lọ.

Tí ó bá pé ọdún kan láìsí oyún, ẹ lọ fún àyẹ̀wò, ẹ̀yin àti ọkọ yín papọ̀. Obìnrin tí ó ti pé ọdún 35 kò gbọdọ̀ dúró ju oṣù 6 lọ.

Ìbéèrè: Ṣé mo lè fi ìṣírò yìí kan náà sá fún oyún?

Ìdáhùn: Ẹ lè fi ṣe é, ṣùgbọ́n ó máa ń já ẹni kulẹ̀ ju àwọn ọ̀nà ìfètò sọ́mọ bíbí mìíràn lọ. Ẹ kọ́kọ́ kọ àyípo 6 sílẹ̀, ó kéré tán. Ẹ yọ 18 kúrò nínú èyí tí ó kúrú jù, kí ẹ yọ 11 kúrò nínú èyí tí ó gùn jù. Bí wọ́n bá jẹ́ 27 àti 33, ọjọ́ 9 títí dé ọjọ́ 22 ni kí ẹ yẹra fún ìbálòpọ̀. Tí àyípo yín kò bá ní ìlànà, tàbí tí ẹ bá ń fún ọmọ lọ́mú, ẹ má gbára lé e.

Ìbéèrè: Nínú Ràmàdáànì, mo rí nǹkan oṣù ní ọjọ́ kìíní, ó tún dé kí ààwẹ̀ tó parí. Ọkọ mi rò pé mo ń sá fún ààwẹ̀ ni, èmi náà ò sì mọ iye tí mo jẹ mọ́.

Ìdáhùn: Òótọ́ ni ẹ sọ. Tí àyípo bá jẹ́ 28, tí ó sì bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní, ọjọ́ 29 ni yóò tún dé, Ràmàdáànì sì lè pé ọjọ́ 30. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ gba ọjọ́ 5 ní ìbẹ̀rẹ̀, tí ó tún pàdánù ọjọ́ 2 ní ìparí, ọjọ́ 7 ni yóò gbà padà. Ẹ máa kọ ọ́ ní ọjọ́ náà gan-an. Ohun kan ń ṣi àwọn ará Ìlọrin lọ́nà níbí: ọjọ́ ẹ̀sìn ń yí padà nígbà tí oòrùn bá wọ̀, nítorí náà èyí tí ẹ bá rí lẹ́yìn Màgáríbì kò ba ààwẹ̀ ọjọ́ yẹn jẹ́. Ẹ kọ wákàtí mọ́ ọjọ́, kí ìdáhùn lè rọ àáfà yín lọ́rùn.

Ìbéèrè: Ọmọ mi ní Òmù-Àrán, ọmọ ọdún 13, rí i lẹ́yìn ọjọ́ 41, lẹ́yìn náà ọjọ́ 26. Ọdún tó kọjá ni ó bẹ̀rẹ̀.

Ìdáhùn: Fún ọ̀dọ́mọbìnrin ní ọdún mélòó kan àkọ́kọ́, 21 sí 45 kò burú. Ẹ ra ìwé kékeré fún un, kí ó máa kọ ọ́ fúnra rẹ̀. Tí inú rírun bá ń dá a dúró sílé láìlè lọ sí ilé-ìwé, ẹ mú un lọ sí ilé ìwòsàn, ẹ má sọ fún un pé bí obìnrin ṣe ń rí nìyẹn.

Ìbéèrè: Nígbà wo ni ó kọjá ọ̀rọ̀ ìṣírò?

Ìdáhùn: Nígbà tí ẹ bá ti ka ọjọ́ dáadáa, tí ó sì ń wà lábẹ́ 21 tàbí lókè 35 (45 fún ọ̀dọ́mọbìnrin) léraléra, tí ẹ̀jẹ̀ bá kọjá ọjọ́ 7, tí ó bá ń wá láàárín àyípo tàbí lẹ́yìn ìbálòpọ̀, tàbí tí ó bá dá fún oṣù 3 tí àyẹ̀wò sì fi hàn pé kò sí oyún. Ẹ mú ìwé yín dání lọ. Pádì tí ó ń rin gbingbin láàárín wákàtí kan, fún wákàtí bíi mélòó kan léraléra, kì í ṣe ohun tí a ń sùn lé lórí. Tí nǹkan oṣù bá sì pẹ́, tí ìrora líle wá dé sí ẹ̀gbẹ́ kan ìsàlẹ̀ ikùn, tí òòyì ń kọ́ yín, oyún lè ti dúró sí ibi tí kì í ṣe ilé ọmọ. Ẹ lọ sí ilé ìwòsàn ní ọjọ́ náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ òru.