Mímúra Alùpùpù Sílẹ̀ fún Omi Tó Jìn

Ẹni tí oko rẹ̀ wà ní òdìkejì odò kò lè jókòó sílé títí ọ̀gbẹlẹ̀ yóò fi dé. Alùpùpù tó ń rin títì tó sì ń wọ ọ̀nà oko lè la omi já láìbàjẹ́, bí a bá ti tọ́jú rẹ̀ kí odò tó kún.

Ibi tí ẹ́ńjìnnì ń gbà mí ni kí ẹ kọ́kọ́ wá. Ẹ tú ìjókòó, ẹ wo àpótí tí fílítà afẹ́fẹ́ wà nínú rẹ̀, kí ẹ sì mọ bí ẹnu rẹ̀ ṣe ga tó. Ẹnu yẹn ni òṣùwọ̀n yín. Gíga táyà kọ́, ìgboyà ẹni tó ń gùn ún náà kọ́. Bí omi bá gba ibẹ̀ wọlé, orí písítọ̀nù, irin tó ń lọ sókè sódò nínú ẹ́ńjìnnì, ló ń lọ. Afẹ́fẹ́ ṣeé fún pọ̀, omi kò ṣeé fún. Bí písítọ̀nù bá ń bọ̀ lókè tó bá omi níbẹ̀, ọ̀pá irin tó gbé e dúró lè tẹ̀, ó di kí wọ́n tú gbogbo ẹ́ńjìnnì palẹ̀. Nítorí náà, ẹ rí i pé rọ́bà etí ìdérí àpótí náà kò ya, kí ẹ sì fi gíríìsì pa etí fílítà.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í kà sí ni àwọn rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tó rọ̀ sísàlẹ̀ lára kábúrétọ̀, ibi tí epo ti ń pò mọ́ afẹ́fẹ́ kó tó wọ ẹ́ńjìnnì. Wọ́n ń jẹ́ kí kábúrétọ̀ mí. Bí omi bá bo ẹnu gbogbo wọn, epo kò ní ṣàn dáadáa mọ́, ẹ́ńjìnnì yóò sì kú láàárín odò láìjẹ́ pé omi kan wọ inú rẹ̀. Ẹ gé ọ̀kan, ẹ fi ìsopọ̀ ẹlẹ́nu mẹ́ta sí i, kí ẹ fa ẹ̀ka kan lọ sábẹ́ ìjókòó. Ẹ má dí wọn o! Ẹ gbé rọ́bà tí afẹ́fẹ́ inú ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ ń gbà jáde sókè bákan náà.

Ẹ fi gíríìsì sílíkóònù sínú fìlà pulọ́ọ̀gì (pulọ́ọ̀gì ló ń ṣáná sí epo nínú ẹ́ńjìnnì) àti ojú ìsopọ̀ wáyà, kí omi má baà wọ ibẹ̀.

Bí ẹ bá dé etí odò, ẹ fi ẹsẹ̀ yín rìn ín ná, pẹ̀lú ọ̀pá. Omi tó ń sáré tó ga ju orúnkún lọ, ẹ padà lẹ́yìn rẹ̀. Kò sí ẹrù oko tó tó ẹ̀mí. Ẹ sọ ẹrù àti èrò kalẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tutù díẹ̀, torí irin gbígbóná tó bọ́ sínú omi tútù lójijì a máa fa omi wọlé. Jíà kìíní ni kí ẹ fi wọ̀ ọ́, kí ìró ẹ́ńjìnnì má yí padà, kí èéfín sàlẹ́ńsà lè máa ti omi jáde. Bí ẹ bá ń tì í, ẹ wà ní ìhà tí omi ti ń bọ̀, kó má baà wó lù yín.

Bó bá kú sínú omi, ẹ má fọwọ́ kan sítátà, ẹ má sì ta kíìkì. Mo bẹ̀ yín, ẹ tì í jáde ná. Ẹ yọ pulọ́ọ̀gì, ẹ da omi inú àpótí fílítà àti ìsàlẹ̀ kábúrétọ̀ nù, ẹ gbé iwájú rẹ̀ sókè kí omi sàlẹ́ńsà ṣàn jáde. Ìgbà náà ni kí ẹ ta kíìkì, láìtíì dá pulọ́ọ̀gì padà, títí omi kò fi ní tú jáde mọ́. Ẹ wo ọ́ìlì: bó bá funfun bíi wàrà, ẹ pààrọ̀ rẹ̀, ẹ tan ẹ́ńjìnnì fúngbà díẹ̀, kí ẹ tún un pààrọ̀ títí yóò fi mọ́.

Bí ẹ bá délé, ẹ ta ọ́ìlì sí ṣéènì, ẹ sì yẹ bíárìn táyà méjèèjì wò bóyá omi ti fọ gíríìsì inú wọn lọ.