Ṣé ká lọ sí Kánífà Notting Hill àbí ká jókòó sílé? Àwọn àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀

Bí oṣù kẹjọ bá ti ń parí lọ, ìbéèrè kan náà ni àwọn ọmọ Yorùbá tó wà ní London máa ń bi ara wọn, pàápàá àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti ilé: "Ṣé kí n lọ sí Kánífà àbí kí n má lọ?" Kánífà Notting Hill yìí ni àjọ̀dún orin àti ijó àwọn ará Kàríbíánì tí wọ́n máa ń ṣe lójú títì ní ìwọ̀ oòrùn London. Ẹnì kan á ní, "Ìwọ ṣáà lọ, wàá gbádùn ẹ̀." Ẹlòmíì á ní, "Lọ ṣe kí ni? Níbi tí wọ́n ti ń gún ara wọn lọ́bẹ?" Mi ò fara mọ́ èyíkéyìí nínú ìdáhùn méjèèjì, nítorí kò sí èyí tó béèrè ọjọ́ tí èèyàn fẹ́ lọ, aago tó fẹ́ débẹ̀, àwọn tó fẹ́ mú dání àti ọ̀nà tó fẹ́ gbà padà sílé. Àwọn nǹkan wọ̀nyí ló yẹ kéèyàn fi pinnu.

Má dá a lẹ́jọ́ kó o tó mọ̀ ọ́n

Àwọn kan ti gbà pé ariwo àti ìjókujó lásán ni Kánífà. Bẹ́ẹ̀ kọ́ ló ṣe bẹ̀rẹ̀. Lọ́dún 1958, àwọn géńdé òyìnbó dojú ìjà kọ àwọn aláwọ̀ dúdú tó ń gbé ní Notting Hill, wọ́n ń lù wọ́n lójú títì, wọ́n ń fọ́ fèrèsé ilé wọn. Ní oṣù kìíní ọdún 1959, Claudia Jones, ọmọ Trinidad tó ń tẹ ìwé ìròyìn fún àwọn ará Kàríbíánì ní Brixton, kó àwọn èèyàn rẹ̀ jọ sí gbọ̀ngàn St Pancras kí wọ́n lè jó, kí wọ́n sì gbàgbé ìbànújẹ́ wọn. Inú ilé ni wọ́n ti ṣe tìyẹn. Ọdún 1966 ni Rhaune Laslett ṣètò àjọ̀dún àdúgbò fún àwọn ọmọdé, tí Russell Henderson àti ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìlù irin jáde sójú títì, táwọn èrò sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé wọn. Ní Trinidad tí àṣà náà ti wá, wọ́n ṣì ń bọ Ṣàngó àti Ògún títí dòní, torí pé àwọn baba ńlá wa wà lára àwọn tí wọ́n kó lọ síbẹ̀. Ẹni tó bá ní òun ò lọ, kò burú, àmọ́ kó má sọ pé ọ̀rọ̀ náà ò kan òun rárá.

Má rò pé Sọ́ńdè àti Mọ́ńdè dọ́gba

Ọjọ́ méjì gbáko ni wọ́n fi ń ṣe é: Sọ́ńdè, àti Mọ́ńdè tó jẹ́ ọlidé. Wọ́n máa ń sọ pé èrò tó ń wá lọ́jọ́ méjèèjì máa ń tó mílíọ̀nù kan sí méjì. Sọ́ńdè ni tàwọn ọmọdé àtàwọn ìdílé. Mọ́ńdè ni tàwọn àgbà: ọjọ́ yẹn ni aṣọ oníyẹ̀ẹ́ máa ń gba ojú títì kan, tí ọkọ̀ akẹ́rù tó gbé gbohùngbohùn máa ń tò tẹ̀ lé ara wọn, tí èrò sì máa ń pọ̀ débi tí kò ní sí àyè abẹ́rẹ́. Ẹni tó fẹ́ mú ọmọ lọ ò gbọ́dọ̀ ronú kan Mọ́ńdè rárá.

Àmọ́ ẹ má torí pé wọ́n pe Sọ́ńdè ní ọjọ́ ọmọdé kẹ́ ẹ wá túra sílẹ̀ jù. Lọ́dún 2024, ọjọ́ Sọ́ńdè gan-an ni wọ́n gún ìyá kan tó mú ọmọ rẹ̀ kékeré wá lọ́bẹ, ó sì kú nílé ìwòsàn lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀. Ohun tí mo máa ń sọ fún àwọn tó ní ọmọ kékeré ni pé kí wọ́n débẹ̀ láàárọ̀, kí wọ́n dúró sí ẹ̀bá ọ̀nà tí kì í ṣe àárín gbùngbùn, kí wọ́n sì ti kúrò níbẹ̀ kí ọ̀sán tó pọ́n jù. Ẹ fi nǹkan bo etí ọmọ, torí gbohùngbohùn wọ̀nyẹn máa ń mi àyà àgbàlagbà, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ti ọmọ ọdún méjì. Ẹ fi bírò kọ nọ́ńbà fóònù yín sí ọrùn ọwọ́ rẹ̀. Bí ẹ bá lè fi ọ̀já pọn ọmọ, ẹ fi kẹ̀kẹ́ rẹ̀ sílé.

Bẹ́ ẹ bá sì wà níbẹ̀ ní aago mẹ́ta ọ̀sán tí gbogbo orin ṣàdédé dákẹ́, ẹ má rò pé ẹ̀rọ ló bàjẹ́, ẹ má sì pariwo pé kí wọ́n tan orin. Ìṣẹ́jú-àáyá 72 ni wọ́n fi ń rántí àwọn èèyàn 72 tí iná tó jó ilé gogoro Grenfell pa lọ́dún 2017, ní àdúgbò yẹn kan náà. Àwọn ẹbí wọn wà lára èrò.

Má jáde nílé láìmọ ọ̀nà tó o máa gbà padà

Àṣìṣe tó burú jù nìyí, òun ló sì wọ́pọ̀ jù. Àwọn èèyàn á wo ibùdó ọkọ̀ ojú irin tó sún mọ́ ibẹ̀ jù lórí máàpù, wọ́n á rí Ladbroke Grove, ó parí. Wọ́n sì máa ń ti Ladbroke Grove pa lọ́jọ́ méjèèjì. Ní Notting Hill Gate àti Westbourne Park, àwọn àkókò kan máa ń wà tó jẹ́ pé èèyàn lè jáde síta, àmọ́ kò lè wọlé. Ibi tẹ́ ẹ gbà wá láàárọ̀ lè má jẹ́ ibi tẹ́ ẹ máa gbà lọ nírọ̀lẹ́. Bọ́ọ̀sì pàápàá máa ń yà gba ibòmíì. Aago méje alẹ́ ni gbohùngbohùn máa ń dákẹ́, ìgbà yẹn sì ni gbogbo ayé máa ń fẹ́ lọ sílé lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ lọ ṣáájú rẹ̀, kẹ́ ẹ sì múra láti fẹsẹ̀ rìn dé Paddington tàbí Shepherd's Bush. Ẹni tó ń gbé ní Thamesmead tàbí Dagenham, tó sì níṣẹ́ àárọ̀ kùtù ní ọjọ́ Túsìdeè, kó ro ìyẹn mọ́ ọn.

Nẹ́tíwọ̀kì máa ń dákú níbẹ̀. "Ma pè ẹ́ tí mo bá dé" kì í ṣe àdéhùn. Ẹ ti mú ṣọ́ọ̀ṣì kan tàbí igun títì kan tẹ́ ẹ ti máa pàdé bí ẹ bá pínyà. Bí èrò bá bẹ̀rẹ̀ sí í fún yín débi tẹ́ ò lè gbé ọwọ́ sókè sáyà mọ́, ẹ ti pẹ́ jù níbẹ̀. Ẹ yà sí títì kékeré kí ó tó dà bẹ́ẹ̀.

Má mú Mọ́mì lọ ní Mọ́ńdè

Mo mọ̀ pé bí ìyá èèyàn bá wá láti ilé, èèyàn máa ń fẹ́ kó rí nǹkan mérìíyìírí. Ṣùgbọ́n ibo ni Mọ́mì máa jókòó sí? Ibo ni wọ́n ti máa tọ̀? Ọ̀pọ̀ onílé máa ń fi pákó bo fèrèsé àti ilẹ̀kùn wọn, wọ́n á sì lọ ìrìn àjò. Àwọn tó dúró sílé máa ń lẹ páálí mọ́ ẹnu ọ̀nà, tí wọ́n kọ iye tí wọ́n ń gbà lórí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wọn sí, ìlà tó sì wà níwájú rẹ̀ kì í ṣe èyí tí ẹni tí eékún ń dùn lè dúró lórí rẹ̀. Bákan náà ni fún aboyún.

Ẹ sọ fún wọn pé, "Mọ́mì, ẹ jẹ́ ká lọ ní Sátidé." Ní alẹ́ Sátidé tó ṣáájú, àwọn ẹgbẹ́ onílù irin máa ń díje ní pápá Emslie Horniman's Pleasance, wọ́n ń pè é ní Panorama. Èrò ibẹ̀ kò tó ti ojú títì rárá, ẹ sì máa gbọ́ ìlù náà ketekete.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lápá àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ojú irin wá sí London, ẹ rántí pé Leeds náà ní tiẹ̀. Láti ọdún 1967 ni àwọn ará Kàríbíánì ti ń ṣe é, ní Mọ́ńdè ọlidé kan náà, ní Potternewton Park àti àwọn títì Chapeltown.