Aṣọ aró mẹ́jọ: bí a ṣe ń dán ọ̀rọ̀ wò kí a tó gbà á gbọ́

Ká ní ìyá aláró kan ní Ìtòkú, l'Ábẹ̀òkúta, sọ pé bí wọ́n bá di òun lójú, tí òun sì gbóòórùn àdìrẹ, òun yóò mọ èyí tí wọ́n fi èlú pa láró yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n fi aró òyìnbó ṣe. Ó lè jẹ́ òótọ́, ó sì lè jẹ́ ọ̀rọ̀ ọjà lásán.

Ẹ kọ́kọ́ kọ àbá tí ẹ fẹ́ kí ẹ̀rí bì ṣubú sílẹ̀: pé ìyá kò mọ ìyàtọ̀ kankan, àti pé bó bá yàn án bó ṣe yẹ, àkọsẹ̀bá ni. Ó dà bí ẹni pé à ń tàbùkù rẹ̀, ṣùgbọ́n àbá yìí ni ìṣirò lè bá lò.

Ẹ gé aṣọ funfun mẹ́jọ tó dọ́gba lára ìgàn kan ṣoṣo, kí ẹ pa mẹ́rin nínú èlú, kí ẹ sì pa mẹ́rin yòókù nínú aró òyìnbó. Ibì kan náà ni kí ẹ sá gbogbo wọn sí. Bí ẹ bá sá ti èlú sí ìbòòji, tí ẹ sá èkejì sí oòrùn, ó lè jẹ́ ìyàtọ̀ ibi ìsáṣọ ni imú ìyá bá pàdé, kì í ṣe ti aró. Ẹ ká bébà tí ẹ kọ nọ́ńbà 1 dé 8 sí, kí ọmọdé kan máa mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan láti fi to aṣọ. Ẹni tí yóò fi aṣọ lé ìyá lọ́wọ́ kò gbọdọ̀ mọ èwo ni èwo, torí ohùn èèyàn a máa tú àṣírí láìjẹ́ pé olúwarẹ̀ mọ̀.

Ẹ sọ fún ìyá pé mẹ́rin nínú mẹ́jọ ni ti èlú, kí ó gbóòórùn gbogbo wọn, kó sì ṣa mẹ́rin náà jáde. Ọ̀nà 70 ni ènìyàn lè gbà ṣa mẹ́rin nínú mẹ́jọ, ọ̀kan ṣoṣo ló sì tọ̀nà délẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó kàn ń méfò yóò bá a lẹ́ẹ̀kan nínú 70, nǹkan bí 1.4 nínú 100. Ọ̀nà 16 ni ó lè gbà mú mẹ́ta nínú mẹ́rin. Tí a bá fi ọ̀kan ti àkọ́kọ́ kún un, ó di 17 nínú 70, nǹkan bí 24 nínú 100. Iye yìí, tó ń sọ bí ó ṣe rọrùn tó fún àkọsẹ̀bá láti mú irú èsì tí a rí wá, tàbí èyí tó dára jù ú lọ, ni wọ́n ń pè ní p-value. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń kà á sí iye tó fi hàn bóyá ìyá ń purọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá: a ti gbà ná pé kò mọ nǹkan kan kí a tó ṣírò rẹ̀.

Kí ìyá tó fọwọ́ kan aṣọ ni kí ẹ ti kọ ààlà yín sílẹ̀, ìyẹn iye tí p-value kò gbọdọ̀ kọjá kí ẹ tó lè pa àbá àkọsẹ̀bá tì. Ronald Fisher, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó fi ife tíì mẹ́jọ ṣàlàyé irú ìdánwò yìí ní 1935, wà lára àwọn tó sọ 5 nínú 100 di àṣà. Àṣà ni, kì í ṣe òfin.

Bí ìyá bá wá ṣi ẹyọ kan mú, ohun tí a lè kọ ni pé ẹ̀rí kò tíì tó, kì í ṣe pé irọ́ ló pa. Aṣọ mẹ́jọ kò fi àyè sílẹ̀ fún ẹni tó mọṣẹ́ láti ṣèèṣì. Bó bá jẹ́ aṣọ 12 ni, mẹ́fà mẹ́fà, ọ̀nà 924 ló wà. 37 péré nínú wọn ni àṣìṣe kò ju ẹyọ kan lọ, nǹkan bí 4 nínú 100, ìyá sì lè ṣi ọ̀kan mú kó yege síbẹ̀. Ṣùgbọ́n kí a tó bẹ̀rẹ̀ ni ká ti pinnu 12, kì í ṣe lẹ́yìn tí mẹ́jọ bá ti já wa kulẹ̀.