Ọmọlanke tí kò ní táyà, fún wíwọ́ ìtì igi lórí yìnyín

Ẹ̀yin ará wa ní Minnesota tí ẹ ń fi igi dáná nígbà òtútù, ẹ má fi ọwọ́ lásán wọ́ ìtì igi mọ́. Ẹ kan ọmọlanke tó ń yọ̀ lórí yìnyín.

Ẹ wá pákó méjì tó nípọn ní ínǹṣì 2, tó fẹ̀ ní ínǹṣì 6, tó sì gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 4. Ẹ fi ayùn gé ìsàlẹ̀ iwájú wọn kó tẹ̀ sókè bí imú ọkọ̀ ojú omi. Bí imú bá ṣe ṣóńṣó, inú yìnyín ló máa gún, ẹ ò sì ní lè fà á. Ẹ nà wọ́n ró lórí ẹ̀gbẹ́ tínrín, kí ẹsẹ̀ bàtà 2 wà láàárín wọn, kí ẹ fi igi ìdábùú mẹ́ta so wọ́n pọ̀. Bọ́ọ̀tì ni kí ẹ lò o. Ìṣó kì í pẹ́ yọ tí igi bá ń lọ́.

Ẹ gé ike dúrọ́ọ̀mù àtijọ́ ní tẹ́ẹ́rẹ́, kí ẹ kàn án mọ́ abẹ́ pákó kó lè máa yọ̀. Kí orí ìṣó rì wọnú ike o, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á máa ha yìnyín.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í ni ẹrù dídì. Ìdí ìtì nìkan ni kí ẹ gbé lé ìdábùú àárín, kí ẹ fi ẹ̀wọ̀n dè é pinpin, kí ìrù rẹ̀ máa wọ́ nílẹ̀. Ìrù yẹn ni búréèkì yín ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Síbẹ̀, ẹ má rìn níwájú rẹ̀ níbẹ̀, okùn tí ẹ fi ń fà á ò lè dá a dúró.

Ẹ tẹ ojú ọ̀nà mọ́lẹ̀ lálẹ́, kó dì mọ́jú. Bí ẹ bá ṣe tán, ẹ gbé ọmọlanke náà ka igi méjì, kó má baà dì mọ́lẹ̀.