Fóònù tó bọ́ sómi: àwọn àṣìṣe tó ń ba bọ́ọ̀dù jẹ́ ju omi lọ

Bí fóònù bá bọ́ sómi tó sì kú, lọ́pọ̀ ìgbà, bọ́ọ̀dù inú rẹ̀, pátákó tí àwọn ẹ̀yà iná rẹ̀ wà lórí rẹ̀, ṣì ṣeé jí. Ohun tí àwa tí a fẹ́ tún un ṣe bá kọ́kọ́ ṣe sí i ló máa ń sọ bóyá yóò jí tàbí kò ní jí. Ẹ̀yin tí ẹ ti ń tú fóònù, tí ẹ ní mítà lọ́wọ́, tí ẹ sì ń wá ibi tí iná ti ṣọ́ọ̀tì, ìyẹn ibi tí iná ti ń gba ọ̀nà tí kò yẹ, ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Mo ti fi ọwọ́ ara mi ba bọ́ọ̀dù tó ṣeé tún ṣe jẹ́, ó sì ń dùn mí dòní.

Àṣìṣe àkọ́kọ́ ni kí a fi fóònù náà sí ṣájà ká lè mọ̀ bóyá á tàn. Ẹ má dán an wò. Omi nìkan kọ́ ló ń jẹ bọ́ọ̀dù. Iná tó ń gba inú omi kọjá ló ń jẹ ẹ́. Níwọ̀n ìgbà tí bátìrì bá ṣì so mọ́ bọ́ọ̀dù, nǹkan bí 4 V ń gba inú iyọ̀ àti ìdọ̀tí tó wà nínú omi yẹn kọjá. Bàbà á máa yọ́ kúrò níbì kan, á máa lọ dì síbòmíràn, á máa hù bí òwú tín-ín-rín títí yóò fi kan ohun tí kò yẹ kó kàn. Iyọ̀ pọ̀ nínú omi òkun, ìdí nìyẹn tó fi ń pa fóònù kíákíá ju omi ẹ̀rọ lọ. Bí ẹ bá ti ṣí fóònù, ìsopọ̀ bátìrì ni kí ẹ kọ́kọ́ yọ, kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun mìíràn. Bí bátìrì bá sì ti wú, ẹ má gún un, ẹ má tẹ̀ ẹ́.

Ìrẹsì ńkọ́? Ìrẹsì kì í wọ abẹ́ àwọn ìbòrí irin tó wà lórí bọ́ọ̀dù. Bí omi tilẹ̀ gbẹ, iyọ̀ rẹ̀ kò kúrò. Ọjọ́ mẹ́ta tí fóònù bá fi sùn nínú ìrẹsì tòun ti bátìrì lára, ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni iná fi ń jẹ bàbà.

Àwọn mìíràn kì í fọ bọ́ọ̀dù kí wọ́n tó fi mítà kàn án. Omi oníyọ̀ ń gbé iná, nítorí náà mítà á máa fi ṣọ́ọ̀tì tí kò sí hàn yín. Ẹ yọ àwọn ìbòrí irin, kí ẹ fi isopropyl alcohol 99% àti búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ fọ̀ ọ́. Èyí tó jẹ́ 70%, omi ló kún ìyókù rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé e sábẹ́ microscope, nítorí ohun tó kéré bí ìfun èèrà la ń wá: ẹsẹ̀ kàpásítọ̀ (ẹ̀yà kékeré tó ń tọ́jú iná fúngbà díẹ̀) tó ti di àwọ̀ ewé, ẹ̀fun funfun láàárín ẹsẹ̀ ìsopọ̀ méjì. Ẹ yẹ ìsopọ̀ skrin wò dáadáa, nítorí ìlà tó ń tan iná ẹ̀yìn skrin lè gbé ju 15 V lọ, ó sì lè wà nítòsí àwọn ìlà tó ń lọ tààrà sí CPU, ọpọlọ fóònù. Ẹ má sì fi afẹ́fẹ́ gbígbóná lé bọ́ọ̀dù kó lè tètè gbẹ. Omi tó sá sábẹ́ IC (àwọn ẹ̀yà dúdú pẹlẹbẹ tí a jó mọ́ bọ́ọ̀dù) á hó, ooru rẹ̀ á máa wá ọ̀nà jáde, ó sì lè la IC náà tàbí kó já òjé abẹ́ rẹ̀.

Ibi tí èmi ti ṣubú ni ibi tí mítà ti ń ké.

Ọ̀pọ̀ wa ló gbà pé bí mítà bá ti ké, ṣọ́ọ̀tì nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ mítà ló ń ké bí ìdènà iná bá ti wà nísàlẹ̀ nǹkan bí 30 sí 50 ohm. Ìlà tó ń bọ́ CPU kì í sábà ju nǹkan bí 1 V lọ, ṣùgbọ́n iná tó ń gba ibẹ̀ pọ̀ gan-an, nítorí náà ìdènà rẹ̀ kéré láti ilé-iṣẹ́ wá. Ó lè jẹ́ ohm mélòó kan péré, ó tilẹ̀ lè má tó 1 ohm, kí ara rẹ̀ sì dá ṣáṣá.

Obìnrin kan gbé fóònù wá fún mi nígbà kan. Ó ní kí n ṣáà bá òun kó fọ́tò ọmọ òun jáde, òun ò nílò fóònù náà mọ́. Mo fi mítà kan kọ́ìlì kan (ẹ̀yà oníwáyà kíká tí iná ń gbà dé CPU) lẹ́gbẹ̀ẹ́ CPU, ó ké. Mo kan èyí tó tẹ̀ lé e, ó ké. Inú mi dùn pé mo ti rí i. Mo tú power IC, èyí tó ń pín iná fún bọ́ọ̀dù, ó ṣì ń ké. Mo tú kàpásítọ̀ mẹ́rin, ó ṣì ń ké. Mo ti gbé ooru lé ibẹ̀ léraléra kí n tó rántí pé bọ́ọ̀dù irú rẹ̀ kan tó ń ṣiṣẹ́ wà nínú àpótí mi. Mo wọn kọ́ìlì kan náà lórí rẹ̀, iye kan náà ni mo rí. Kò sí ṣọ́ọ̀tì níbẹ̀ rí. Ooru mi ló sì pa CPU yẹn. Lórí fóònù òde òní, inú CPU ni kọ́kọ́rọ́ tó ń ṣí ibi ìpamọ́ wà. A kò lè tú IC ìpamọ́ lọ sórí bọ́ọ̀dù mìíràn ká retí pé fọ́tò á jáde. Mo ní láti pe ìyá ọmọ náà, kí n sọ fún un.

Láti ìgbà náà, ipò ohm ni mo ń fi mítà sí. Màá kọ́kọ́ fi ẹnu wáyà rẹ̀ méjèèjì kan ara wọn. Bí ó bá kọ 0.2, ìdènà wáyà nìyẹn, màá yọ ọ́ kúrò nínú iye tí mo bá rí. Lẹ́yìn náà ni ipò diode, tó ń kọ iye fólìtì, pẹ̀lú wáyà pupa lórí gráùndì (ìlà òdo bọ́ọ̀dù) àti wáyà dúdú lórí ibi tí mo ń yẹ̀ wò, kí n sì fi iye náà wé ti bọ́ọ̀dù irú rẹ̀ tó dára. Power supply, ẹ̀rọ tí a fi ń fún bọ́ọ̀dù ní iná dípò bátìrì, náà máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹ bá tẹ́tí sí i. Bí iná bá ti ń lọ kí ẹ tó tẹ bọ́tìnnì ìtanná, ẹ fura sí ìlà bátìrì tàbí ìlà ńlá tó ń pín iná káàkiri. Bí ó bá dúró jẹ́jẹ́ ní òdo, tó wá fò sókè bí ẹ ṣe tẹ bọ́tìnnì, ẹ wo àwọn ìlà kéékèèké tí power IC ń bọ́.

Bí ṣọ́ọ̀tì bá wá dájú, a máa ń ti iná wọ ìlà náà kí ibi tó ṣọ́ọ̀tì lè gbóná, àṣìṣe tó léwu jù sì ni kí a máa ti 4 V wọ ìlà gbogbo. Ìlà 1.8 V kò gbọdọ̀ rí ju 1.8 V lọ. Ẹnìkan lè ní kò séwu, pé ṣọ́ọ̀tì á fa fólìtì náà wálẹ̀. Òótọ́ ni, títí di ìgbà tí ṣọ́ọ̀tì yẹn bá jó já lójijì, tí 4 V bá sì wọ inú CPU lódidi. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti 1 V tàbí kó dín, kí ẹ fi 1 A (ìwọ̀n iná tó ń kọjá) ṣe òpin, kí ẹ máa fi kún un díẹ̀díẹ̀. Bí ìdènà bá kéré jọjọ, bíi 0.05 ohm, 2 A kò ní mú ju 0.2 W ooru jáde. Iye A ni kí ẹ gbé sókè, kì í ṣe fólìtì.

Bí ẹ kò bá ní kámẹ́rà tó ń rí ooru, ẹ da isopropyl alcohol díẹ̀ sórí bọ́ọ̀dù, kí ẹ tẹjú mọ́ ọn. Gbogbo ojú bọ́ọ̀dù á máa dán. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, dídán náà á kọ́kọ́ kúrò lójú ibì kan tí kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ, gbígbẹ náà á sì máa fẹ̀ láti ibẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, kàpásítọ̀ ni. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ power IC ló gbóná, ẹ má tíì dá a lẹ́bi. Ó lè jẹ́ pé ìlà tó ń bọ́ ló ń fa iná gba inú rẹ̀. Ẹ ti iná wọ ìlà yẹn fúnra rẹ̀, kí ẹ wo ohun tó máa gbóná.

Ẹ̀yà kan ṣoṣo ni kí ẹ fi ẹ̀mú yọ lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì tún un wọ̀n kí ẹ tó kan òmíràn. Àwọn kan máa ń ti iná wọlé títí kàpásítọ̀ á fi jó já. Bọ́ọ̀dù fóònù ní ìpele púpọ̀ nínú, iná yẹn lè jó ìlà tí ojú wa kò lè rí láéláé.

Bí fóònù bá wá tàn, ẹ má tíì pa á dé. Ẹ da fọ́tò àti nọ́ńbà ẹni tó ni ín kọ síbòmíràn lójú ẹsẹ̀, kí ẹ tó máa ronú skrin tuntun. Iyọ̀ ṣì lè wà lábẹ́ IC tí búrọ́ọ̀ṣì kò dé, bọ́ọ̀dù tó tàn láàárọ̀ sì lè má tàn lálẹ́.