Lua ní òótọ́ ni òdo: bí mo ṣe tún àwọn test mi ṣe

Áàpù kan wà tí mo kọ fún àwọn ọlọ́jà. Script ni wọ́n fi ń kọ òfin iye owó àti ẹ̀dínwó sínú rẹ̀, kí wọ́n lè yí i padà láìpè mí. JavaScript la ń lò tẹ́lẹ̀, Duktape ló ń gbé e ṣiṣẹ́. Mo yọ ọ́, mo fi Lua 5.4, èdè ìkọ script mìíràn, rọ́pò rẹ̀. Òṣùpá ni orúkọ yẹn lédè Potogí; Rio de Janeiro ni wọ́n ti ṣe é lọ́dún 1993. Mo tún àwọn script kọ, mo ṣí test, ìyẹn kóòdù tó ń yẹ iṣẹ́ wọn wò. Pupa látòkè délẹ̀: wọ́n kùnà.

Àwọn kan ò le. Láti 1 ni Lua ti ń ka àtòjọ, kì í ṣe 0, ni ọjà àkọ́kọ́ bá di nil, ìyẹn òfo. Owó náà yí: "500" ni test ń retí, "500.0" ni Lua gbé wá, torí tó o bá ti fi / pín nǹkan, bó tilẹ̀ pín dọ́gba, yóò fi póíǹtì sí i. Kọ́bọ̀ ni mo fi ń ka owó, kò sí ìdajì kọ́bọ̀, mo bá lo //, tó ń pín odidi láìfi póíǹtì sí i.

Èyí tó fẹ́ yí mi lórí ni test kan tó ń yege lónìí, tó ń kùnà lọ́la, bẹ́ẹ̀ n ò fọwọ́ kan nǹkan kan. Ṣé pairs ni, ohun tí Lua fi ń ka nǹkan inú àkójọ lọ́kọ̀ọ̀kan! Kò ní ètò kan pàtó tó fi ń to nǹkan. Mo ní kó kọ́kọ́ to orúkọ wọn ní a-b-d kó tó fi wọ́n wéra.

Ẹyọ kan ló wá jẹ gbogbo ọ̀sán mi. Script ọ̀hún ò ju báyìí lọ (bí iye ọjà tó kù bá jẹ́ òótọ́, tà á):

if oja.iye then ta(oja) end

Iye jẹ́ 0, ọjà ti tán. Test ní ẹ má tà á. Lua tà á. Lọ́dọ̀ JavaScript, irọ́ ni 0. Lọ́dọ̀ Lua, nil àti false nìkan ni irọ́. Ó ti rẹ̀ mí, mo ti ń yí ohun tí test ń retí padà kí pupa yẹn lè kúrò lójú mi, kí n tó tún script náà kà. Èmi tí mo tún un kọ ni mo jẹ̀bi o. Mo fi > 0 sí i. Mo wá fi grep, irinṣẹ́ tó ń wá ọ̀rọ̀ nínú fáìlì, wá gbogbo if tí kò fi nǹkan wé nǹkan. Mo rí mẹ́ta sí i, méjì ò tilẹ̀ ní test rárá. Mo kọ tiwọn kí n tó sùn.