Bẹ́ ẹ ṣe lè rí Kano tí ọ́fíìsì bá rán yín lọ síbẹ̀

Ẹ̀yin èèyàn wa tí ọ́fíìsì máa ń rán lọ sí Kano fún tréníǹ àbí ọ́dítì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kàn wà láàárín họ́tẹ́ẹ̀lì àti ibi ìpàdé títí ẹ fi máa wọ bàálù padà. Ó máa ń dùn mí tí mo bá gbọ́ pé ẹnì kan lo odindi ọ̀sẹ̀ níbẹ̀ tí kò sì dé inú ìlú àtijọ́ rárá.

Tẹ́ ẹ bá lè bẹ ọ̀gá kẹ́ ẹ fi Sátidé kún un, ìyẹn ló dáa jù. Oòrùn máa ń tètè wọ̀ ní Kano ju Èkó lọ, tẹ́ ẹ bá ní ó dìgbà tẹ́ ẹ bá ṣíwọ́, kẹ́ ẹ tó wẹ̀ kẹ́ ẹ tó jẹun ilẹ̀ ti ṣú nìyẹn. Ọjọ́ Jímọ̀ ní tiẹ̀, tó bá ti dọ̀sán, ìrun ni gbogbo ìlú ń lọ kí. Ẹ bẹ ẹnì kan tẹ́ ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ tó jẹ́ ọmọ ibẹ̀ kó bá yín lọ, òun ló máa mọ̀ bóyá ìgboro dáa lọ́jọ́ yẹn, òun náà ló máa bá yín ná owó kẹ̀kẹ́ kẹ́ ẹ tó wọlé.

Kofar Mata ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lọ, níbi kòtò aró tí wọ́n ti ń lò láti 1498. Ẹ má sáré níbẹ̀ o. Ẹ jókòó ti aláró kan kẹ́ ẹ wò ó bó ṣe ń ri aṣọ bọ kòtò, tó máa fà á jáde, aṣọ yẹn á kọ́kọ́ rí bí ewéko, bí atẹ́gùn bá ṣe ń fẹ́ sí i á wá máa di búlúù lójú yín báyìí, á tún rì í padà, àfìgbà tó bá dúdú tó bí oníbàárà ṣe fẹ́. Ẹlú àti eérú náà ni, bíi tàwọn ìyá aláró wa l'Ábẹ́òkúta àti Òṣogbo, àmọ́ ọkùnrin ló ń ṣe é níbẹ̀. Ẹ gbàṣẹ kẹ́ ẹ tó ya fọ́tò, kẹ́ ẹ sì ra nǹkan lọ́wọ́ wọn.

Látibẹ̀ sí Gidan Makama ò jìnnà, ilé alámọ̀ àtijọ́ tó ti di mùsíọ́mù, ó wà nítòsí ààfin Ẹ́míà. Ẹ fọwọ́ kan ògiri ẹ̀ kẹ́ ẹ rí bó ṣe nípọn tó, inú ilé máa ń tutù bó ti wù kí òde gbóná tó. Ààfin yẹn, Muhammadu Rumfa tó jọba láàárín 1463 sí 1499 ló kọ́ ọ, òun náà ni wọ́n ní ó dá ọjà Kurmi sílẹ̀. Ẹ má kàn gbé kámẹ́rà sójú ààfin láì béèrè.

Ní Kurmi, báàgì aláwọ àti ìlẹ̀kẹ̀ ni kẹ́ ẹ wò, ẹ bi wọ́n pé "nawa ne?" (èló ni?), kẹ́ ẹ ná an dáadáa. Ọ̀nà ibẹ̀ há, ẹ má jìnnà sí ẹni tó mú yín wá. Ẹ̀yin obìnrin, ẹ wọ aṣọ gígùn kẹ́ ẹ sì mú gèlè fẹ́ẹ́rẹ́ dání. Tí agbára bá ṣì wà, ẹ gun òkè Dala, gbogbo ìlú lẹ máa rí látorí ẹ̀, àmọ́ tó bá jẹ́ oṣù kẹta sí ìkarùn-ún, ẹ má gùn ún lọ́sàn-án.

Kilishi, ẹran gbígbẹ aláta, tẹ́ ẹ máa gbé lọ sílé, alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú fláìtì ni kẹ́ ẹ rà á, kẹ́ ẹ ní kí wọ́n fi pépà wé e.